Igbó mi gbẹ tán, ó wá ń rùn bíi koríko

Àyìndé_Laurel

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ṣe ẹlòmíì bákan, ṣùgbọ́n ibí náà la ti ń bi ara wa.

Maryland ni mò ń gbé. Láti 1 July 2023 ni òfin ìpínlẹ̀ wa ti fàyè gba ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 kó gbin igbó sílé, ìdí méjì péré fún ilé kan, níbi tí ojú aráàta ò ní tó. Mo gbin méjì nínú àgọ́ kékeré kan ní yàrá abẹ́ ilé, mo fi bí oṣù mẹ́rin tọ́jú wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀kan máa pé gígé, bí èèyàn bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni òórùn rẹ̀ ń pàdé ẹni: bí èèpo ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, tí iyèré díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyàwó mi tí kì í fa nǹkan kan gan-an ní ó ń ta sánsán.

Sátidé ni mo gé e. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ bu, ni mo bá so àwọn ẹ̀ka rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, mo tún kọjú fáànù sí i. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ó ti gbẹ kanra. Mo fọwọ́ kan òdòdó kan báyìí, ó rún sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀ka kan tí mo wọ̀n jẹ́ 96 gíráàmù lọ́jọ́ tí mo gé e, ó ku 19. Òórùn ọsàn ti lọ. Èyí tó kù ń rùn bíi koríko tí wọ́n já sílẹ̀ fún ewúrẹ́ láti àná.

Mo ti kó o sínú ìgò báyìí. Tí mo bá fi í síbẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì, ṣé òórùn yẹn á padà wá? Ìdí kejì ṣì wà lórí ìdúró, ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kí n gé e.

Jagunlabí

Gbé e fún ewúrẹ́ náà kó wá jẹ́rìí. 😂

ÌyáẸlẹ́fìnrín

Àyìndé, o kú oríire ìkórè. Èmi ò mu igbó rí, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún méjìlá tí mo ti ń gbin efinrin, ewé tíì àti míǹtì sẹ́yìnkùlé mi, tí mò ń sá wọn tí mò ń tà wọ́n. Ewé olóòórùn, ìwà kan náà ni gbogbo wọn ń hù.

Epo ni òórùn yẹn. Epo tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ lásán fi ń gbé e lọ. Nígbà tí o dúró lórí àtẹ̀gùn tí o ń gbádùn òórùn ọsàn, ewé ló ń fi epo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ nímú. Kò sí wàhálà nínú ìyẹn nígbà tó ṣì wà lórí ìdúró, torí ó ń ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n bí o bá ti gé e tán, iye tó wà lára rẹ̀ ni iye tó ní. O wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, o tún ń fi fáànù fẹ́ ẹ. Ilé rẹ á ti máa ta sánsán fún ọjọ́ mẹ́rin yẹn, àbí? Òórùn tí ẹ ń gbọ́ nínú ilé nígbà náà ni èyí tí ẹ ò bá nínú ìgò.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ sá efinrin níbí, orí páànù ni mo tẹ́ ẹ sí, nínú oòrùn ọ̀sán oṣù August. Ìrọ̀lẹ́ ni mo kó o. Ó dúdú, ó ká kò, mo sì ní láti ki imú bọ inú rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé efinrin ni. Láti ọdún kejì ni mo ti ń so ó rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn ò dé, tí afẹ́fẹ́ kàn ń gba ibẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọjọ́ méje sí mẹ́jọ ló ń gbà. Àwọn oníbàárà mi ń gbóòórùn rẹ̀ látinú lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́.

Rárá ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ. Ìgò ò lè dá ohun tó ti fò lọ padà. Ó lè tọ́jú èyí tó kù. Má da èyí nù ṣáá, ṣùgbọ́n ìdí kejì ni kí o fọkàn sí.

Olùkọ́_Kẹ́mísírì

Mà á gbe ọ̀rọ̀ Ìyá lẹ́yìn pẹ̀lú ohun tí wọ́n wọ̀n. Yunifásítì Mississippi wà lára ibi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń gbin igbó fún ìwádìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1996, Ross àti ElSohly níbẹ̀ tẹ èsì kan jáde: wọ́n fún epo olóòórùn jáde lára òdòdó igbó tútù, wọ́n tún fún un jáde lára èyí tí wọ́n sá sí afẹ́fẹ́ nínú ilé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, 31% epo yẹn ti lọ. Lẹ́yìn oṣù kan, ó di bí 45%. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, 55% ti fò lọ. Kò sẹ́ni tó gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná o.

Kì í ṣe gbogbo epo náà ló ń lọ bákan náà. Àwọn tó fúyẹ́ ló ń kọ́kọ́ lọ: limonene tó wà nínú èèpo ọsàn, myrcene tó wà nínú ewé tíì àti máńgòrò, pinene tó ń rùn bíi igi páìnì. Caryophyllene wúwo díẹ̀, òun ló wà nínú iyèré àti ata dúdú, òun ló sì máa ń kẹ́yìn. Àyìndé, tún gbóòórùn ìgò rẹ dáadáa. Mo lè fi nǹkan ta pé o ṣì máa bá ata yẹn níbẹ̀ díẹ̀, lábẹ́ koríko.

Ohun míì rèé tó yà mí lẹ́nu. Òórùn líle tí igbó máa ń ní, èyí tí aládùúgbò fi ń mọ̀, kì í ṣe terpene (orúkọ irú àwọn epo olóòórùn tí mo kà yẹn) nìkan ló fà á. Ní 2021, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé èròjà olóyin-ọjọ́ kan, tí ìbátan rẹ̀ wà nínú ááyù, ló ń fún un ní òórùn ọ̀kẹ́rẹ́-ajùmọ̀rùn yẹn. Díẹ̀ bíńtín ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n imú èèyàn máa ń gbọ́ ọ láti òkèèrè. Ó máa ń pọ̀ sí i ní ìparí ìgbà òdòdó, ó sì tún máa ń ga lásìkò tí wọ́n bá ń mú un gbó nínú ìgò lẹ́yìn tó bá gbẹ, lẹ́yìn náà ló máa ń lọlẹ̀.

Jagunlabí

Ọ̀gá, kí ni «ọ̀kẹ́rẹ́-ajùmọ̀rùn»? Ẹ ti dá ẹranko tuntun sílẹ̀.

Olùkọ́_Kẹ́mísírì

Ẹranko tí wọ́n ń pè ní skunk níbí, tó máa ń tu nǹkan sára ajá. A ò ní irú rẹ̀ nílé, mo ní láti fún un lórúkọ. «Olóyin-ọjọ́» náà, ẹ bá mi fa ìlà sí i, imí-ọjọ́ ni mo fẹ́ kọ, fóònù ló ń bá mi ṣeré.

Àyìndé_Laurel

😂 Ẹ ṣé gan-an ni. Òótọ́ ni, mo lọ gbóòórùn rẹ̀, ata náà wà níbẹ̀. Ọsàn ló lọ. Ó dun mí.

Ọ̀gá Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n gbé ìgò yìí sí? Ojú fèrèsé ilé ìdáná ló wà báyìí.

Olùkọ́_Kẹ́mísírì

Gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí! Láti 1976 ni Fairbairn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní London ti tẹ ìwádìí kan jáde lórí igbó tí wọ́n fi pamọ́: nínú gbogbo ohun tó ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, ìmọ́lẹ̀ ló burú jù. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, tó tutù díẹ̀, ló yẹ ẹ́. Ìgò ò ṣe ọ̀ṣọ́.

ỌmọÒkèÒgùn

Àyìndé ọmọ mi. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Houston ni mo wà, òfin ibẹ̀ ò sì fàyè gba ohun tí ò ń ṣe yìí. Nítorí náà kì í ṣe ti igbó ni mo fẹ́ sọ. Ti tábà ni.

Lágbègbè Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí mi, owó tábà ni bàbá àgbà fi rán bàbá mi níléèwé. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn láyé ọjọ́un á rántí bí oko tábà ṣe pọ̀ lọ títí dé ọ̀nà Ṣakí, tí àwọn oníṣìgá máa ń wá ra ewé lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ilé tí a ti ń yan tábà ga ju ilé tí à ń sùn lọ. Amọ̀ ni, kò ní fèrèsé, àfi ihò lókè tí a lè ṣí, tí a sì lè dí. Ìta ni ẹnu ààrò wà, páìpù irin ló ń gbé ooru wọlé kí èéfín má baà kan ewé. A ó fi okùn so ewé mọ́ ọ̀pá, èmi tí mo kéré tí mo sì fúyẹ́ ni wọ́n ń rán gòkè lọ to àwọn ọ̀pá náà sórí igi àjà.

Bàbá àgbà ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní tẹmọ́mítà kan tó so kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì fi ọ̀dà pupa sàmì sí ojú mẹ́ta lára rẹ̀. Ojú kìíní ò ju ooru ọ̀sán gangan lọ. Ibẹ̀ ni ewé máa wà fún bí ọjọ́ kan àbọ̀ sí méjì, nínú ọ̀rinrin ara rẹ̀, títí á fi pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ewé tí o já ò tíì kú, ṣó o rí i? Ó ṣì ń mí. Ó ń sọ sítáàṣì inú ara rẹ̀ di ṣúgà, àwọ̀ ewé rẹ̀ sì ń ṣá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá pọ́n tán la tó ń fi igi kún iná lọ sí ojú kejì, kí ewé gbẹ. Ojú kẹta wà fún egungun àárín rẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan, wọ́n fi èmi ṣọ́ iná. Oorun ń kùn mí. Mo ki igi ńlá mẹ́ta bọ ẹnu ààrò lẹ́ẹ̀kan náà kí n lè rí ojú oorun sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó ṣì ní àwọ̀ ewé bíi pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí i. Bàbá àgbà mú ewé kan, ó rún un, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, «O pa á kó tó kú.» Kò nà mí. Àwọn tó ń ra tábà ò gba ọ̀pá kan nínú rẹ̀ lọ́dún yẹn.

Òórùn koríko tí o sọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Àyìndé_Laurel

Bàbá, ẹ ṣeun. «O pa á kó tó kú.» Mo ti kọ ọ́ sára àgọ́ mi.

Olùkọ́_Kẹ́mísírì

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Kí n kàn fi ọ̀kan kún un kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi í gbọ́: ojú kejì àti ojú kẹta ti bàbá àgbà, tábà ni wọ́n wà fún. A kì í gbé òdòdó igbó dé irú ooru bẹ́ẹ̀. Ìpele kìíní ló bára mu, ìgbà tí ewé ṣì ń mí, tí àwọ̀ ewé rẹ̀ ń ṣá. Ti igbó, tútù la ti ń ṣe é dópin.

Táyọ̀_Berlin

Mo ti ń dúró kí àwọn àgbà sọ tiwọn tán. Àyìndé, ìyà tó jẹ èmi yàtọ̀ sí tìrẹ: tèmi bu.

Níbí ní Jámánì, láti 1 April 2024, àgbàlagbà kan lè gbin ìdí mẹ́ta, kó sì ní tó 50 gíráàmù gbígbẹ nílé. Ọdún àkọ́kọ́, inú ilé ìwẹ̀ ni mo so tèmi rọ̀ sí, ibi kan náà tí à ń sá aṣọ sí. Mi ò tú àwọn orí òdòdó ńlá sí wẹ́wẹ́, mi ò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo mú èyí tó sanra jù, òde rẹ̀ dára, ó ń dán. Mo ṣí i sí méjì. Àárín rẹ̀ ti di eérú, ó ní irun funfun bíi ti èlùbọ́ tí òjò pa lórí àpáta, nígbà tí mo sì fẹ́ ẹ, ó rú bí eruku. Botrytis ni wọ́n ń pe èbu yẹn, òun náà ló ń jẹ èso àjàrà. Mo kó gbogbo ohun tó wà lórí okùn yẹn dànù. Ẹ má ṣe gé ibi tó bu kúrò kí ẹ fa ìyókù, ẹ jọ̀ọ́. Oríṣi èbu míì wà tó máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ti pa àwọn tí ara wọn ò lè gbéjà ko àrùn.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó ṣófo ni mò ń so ó sí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀. Mo ra aago kékeré tó ń ka ọ̀rinrin, mo gbé e kọ́ sí àárín ẹ̀ka, kì í ṣe ara ògiri. Ohun tí mò ń wá ni bíi dígírì 16 sí 18 ti Celsius, kí ọ̀rinrin wà láàárín 55 sí 60%. Fáànù kékeré wà nílẹ̀, ògiri ló kọjú sí. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa rìn nínú yàrá, kò gbọ́dọ̀ máa na òdòdó. Tí ilé bá gbẹ jù, má tú ẹ̀ka sí wẹ́wẹ́, má sì já àwọn ewé ńlá dànù kó tó gbẹ, àwọn ló ń dáàbò bo òdòdó. Tí ilé bá tutù rinrin, tú u sí wẹ́wẹ́, já ewé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe yẹ kí n ti ṣe. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni. Má fi kàlẹ́ńdà ṣe é. Tẹ ẹ̀ka kékeré: bó bá ṣì ń wé mọ́ ọ lọ́wọ́, kò tíì tó. Bó bá ṣẹ́, tó dún kẹ́, tí ẹ̀ka ńlá sì ṣì ń tẹ̀ díẹ̀, ó ti tó nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ìgò. Mo máa ń pe ìyẹn ní mímú igbó gbó. 😀 Má kún ìgò dẹ́nu, fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ju aago ọ̀rinrin kékeré kan sínú rẹ̀, dé e, lọ sùn. Omi tó kù nínú igi àárín máa jáde bọ́ sínú òdòdó, èyí tó dà bíi pé ó gbẹ lálẹ́ á wá rọ̀ láàárọ̀. Tí aago bá ka 58 sí 62%, o wà níbi tó yẹ. Tó bá kọjá 65%, dà á jáde sórí bébà fún wákàtí díẹ̀. Máa ṣí ìdérí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí o bá ṣí i tí òórùn ìtọ̀ kọ lù ọ́, ọ̀rinrin ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, kòkòrò àìrí ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Dà á jáde lójú ẹsẹ̀.

Jagunlabí

Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bọ́ ọsàn kan, ju èèpo rẹ̀ sínú ìgò. Òórùn ọsàn ti padà.

ÌyáẸlẹ́fìnrín

Jagunlabí, èèpo ọsàn tútù, omi ló kún inú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ìgò náà á bu, ìwọ lá sì wá bẹ̀. Mo rí obìnrin kan tó fi èèpo òroǹbó sínú efinrin gbígbẹ tó ń tà. Òórùn òroǹbó làwọn oníbàárà gbọ́ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn ìyẹn òórùn ilé tí òjò ti ń jò.

Tó bá jẹ́ pé ti Àyìndé àkọ́kọ́ ló gbẹ jù, àwọn àpò kékeré kan wà tí wọ́n ń tà, tó ń fa ọ̀rinrin tó sì ń dá a padà, 58 tàbí 62 ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Ìyẹn á mú un rọ̀ kó má baà máa rún sọ́wọ́. Òórùn ni kò ní dá padà.

Ọmọ_Mushin

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ ń gbádùn. Ṣé kí èmi náà so tèmi rọ̀ sínú yàrá mi?

Alábòójútó

Rárá o. Láti 1966 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó dá dúró lòdì sí igbó, ẹ̀wọ̀n ló sì wà nídìí gbígbìn rẹ̀ títí di òní. NDLEA ò ní ka ojú ewé yìí bí àwíjàre. Ẹni tí òfin ibi tó ń gbé ò bá fàyè gbà á, kó ka ti ẹlòmíì, kó lo ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún efinrin. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ polówó ọjà níbí.

Agbẹjọ́rò_Bowie

Mi ò fẹ́ ba ayọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn ọmọ wa tó sunkún nínú ọ́fíìsì mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbi tí gbogbo yín ti máa kà á.

Òfin Maryland ni Àyìndé ń sọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣì ka igbó sí èèwọ̀, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ yẹn sì ni ìwé ìgbélùú wà. Ní April 2019, USCIS, àjọ tó ń bójú tó ìwé ìgbélùú, kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ẹni tó bá ní igbó, tó mu ún, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀, lè kùnà nínú ìwà rere tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ yìí, kódà bí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá fàyè gbà á. Kò pọn dandan kí kóòtù ti dá a lẹ́bi. Kó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú òṣìṣẹ́ ti tó. Ẹni tó bá jẹ́ green card ló ní, tàbí físà, kó má gbin ín, kó má tọ́jú ìgò ẹlòmíì, kó má sì kó fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù gbé e wọ pápákọ̀ òfuurufú.

Àwọn nǹkan míì ní Maryland: bí o bá ń háyà ilé, onílé lè ní kí o má gbìn ín. Ibi tí ọmọ tí kò tíì pé 21 ò lè fọwọ́ kàn án ló gbọ́dọ̀ wà. Títà rẹ̀ láìní ìwé àṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ìròyìn rere kan ni pé láti 1 July 2023 kan náà, ọlọ́pàá ò lè tìtorí òórùn igbó nìkan dá mọ́tò yín dúró tàbí tú u. Nítorí náà, Àyìndé, jẹ́ kó máa ta sánsán.

Àyìndé_Laurel

Ẹ ṣé, mà. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni mí, ilé mi sì ni. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyàwó mi ń bọ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, físà ló sì ní. Mà á ti gbogbo rẹ̀ mọ́ yàrá, mà á sì bá a sọ̀rọ̀ kó má sún mọ́ ibẹ̀.

Táyọ̀_Berlin

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àyìndé, báwo ni ìdí kejì?

Àyìndé_Laurel

Mo wà níbí o. Ẹ má bínú, mo fẹ́ kó parí kí n tó sọ ọ́.

Mo gé e ní alẹ́ Ẹtì. Mi ò tú u sí wẹ́wẹ́, odindi ni mo gbé e kọ́ lórí sódì nínú yàrá kékeré tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ibi tí ooru ò dé. Mo gbé aago ọ̀rinrin síbẹ̀: 38%! Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ti fa gbogbo ọ̀rinrin inú ilé tán. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, koríko náà ni ì bá tún dà. Mo wá páálí ńlá tí fìríìjì wa bá wọlé, mo lu ihò sí i lára, mo gbé igi náà sínú rẹ̀, mo sì gbé bàsíà omi àti táwẹ̀lì tútù sí yàrá, níta páálí. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, 56% ló wà, dígírì 17.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó ṣì rọ̀ bí ẹ̀fọ́. Ọwọ́ ń yún mi. Mo gbé fáànù dé ẹnu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rántí igi ńlá mẹ́ta ti Bàbá, mo sì gbé fáànù padà. Lọ́jọ́ kẹjọ ni àwọn ewé ńlá ká wọlé bo òdòdó. Lọ́jọ́ kejìlá ni ẹ̀ka kékeré dún.

Mo fi àlùmọ́gàjí gé àwọn ewé rẹ̀ kúrò, oje rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ṣí mọ́, ọtí ọsibítù ni mo fi fọ̀ ọ́. Ìgò mẹ́ta ni. Ilẹ̀ mọ́, aago ka 68 nínú ọ̀kan. Mo dà á sórí bébà fún wákàtí mẹ́ta, mo kó o padà, ó di 62. Mo ń ṣí wọn lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí ẹni ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òórùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ hàn, koríko díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àyà mi já. Nínú ọ̀sẹ̀ kejì ni koríko ń lọlẹ̀ lójoojúmọ́.

Èyí àkọ́kọ́ náà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú àpò 62 tí Ìyá sọ. Kò rún mọ́, koríko rẹ̀ dín, kò sì ha mí lọ́fun tó ti tẹ́lẹ̀. Ọsàn ò padà.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, mo ṣí ìgò kan ní ilé ìdáná. Ìyàwó mi wà lókè. Ó pariwo látorí àtẹ̀gùn: «Àyìndé, tó o bá ń bó ọsàn, bó tèmi mọ́ ọn!»

ỌmọÒkèÒgùn

Ẹ̀ka yẹn, bó ṣe dún gan-an ńkọ́?

Àyìndé_Laurel

Kẹ́, Bàbá.

ỌmọÒkèÒgùn

Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Jagunlabí

Ewúrẹ́ ní kí n béèrè pé èyí àkọ́kọ́ ńkọ́, ṣé ẹ ṣì ń lò ó?